Òjò Oṣù Kẹta àti Gbèsè Àgbàdo: Ẹjọ́ Kan Nílẹ̀ Yàgbà

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, torí pé èmi ni akọ̀wé, àti torí pé bí a kò bá kọ ọ́, lọ́dún tó ń bọ̀ a óò tún un jà bí ẹni pé a kò jà á rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní abúlé kan láàárín Ìsánlú sí Ẹ̀gbẹ̀ gba irúgbìn àgbàdo àti ajílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láwìn. Ó gbìn ín, kò yè. Ó tún un gbìn, ìyẹn yè díẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ àtisan owó pé, ó dìde láàárín ìpàdé, ó ní òjò ló jẹ òun ní gbèsè, kí ẹgbẹ́ lọ mú òjò. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín rárá. Bàbá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ní kí a má wo ojú òun, kí a dá ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ.

Ohun tí a ní láti wádìí kò pọ̀. Ṣé àgbẹ̀ tó lójú lè rí àdánù yìí kó tó dé, àbí kò sẹ́ni tó lè rí i? Bó bá jẹ́ pé ó ṣeé rí, òfin ẹgbẹ́ ní kó san án pé. Bí kò bá ṣeé rí, òfin fàyè sílẹ̀ kí a sún ọjọ́ síwájú. Bí ẹjọ́ gbèsè ṣe di ẹjọ́ ojú ọjọ́ nìyẹn, tí ìpàdé tó yẹ kó parí kí oòrùn tó mú fi di alẹ́. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Abúlé kékeré ni, ẹni tó bá mọ̀ ti mọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀dọ̀ wa, kó kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí ni, ilẹ̀ àwa tí à ń kí ara wa ní "Ọ̀kun o": Yàgbà, Ìjùmú, Òwé ní Kàbà, Bùnú, àti Ọ̀wọ́rọ̀ tó lọ kan odò lẹ́bàá Lọ́kọ́jà. Abẹ́ Kwara la wà kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní 1991. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, àpáta ńláńlá wà káàkiri, igbó sì ṣẹ́kù létí odò. Òjò wa máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹrin, ó máa ń dá ní ìparí oṣù kẹwàá, àpapọ̀ rẹ̀ lọ́dún sì máa ń wà láàárín 1,100 sí 1,400 mílímítà. Ìyókù ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ sì wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì. Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ìyẹn ti tó. Àmọ́ iye òjò ọdún kò pa àgbàdo ẹnikẹ́ni rí níhìn-ín. Àlàfo tó wà láàárín òjò kan sí èkejì ló ń pa á.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta ni òjò tó dá wàhálà yìí sílẹ̀ rọ̀. Oṣù yẹn ló máa ń gbóná jù lọ́dọ̀ wa, ìwọ̀n ooru ọ̀sán a máa kọjá 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láti àárọ̀ ni ara kò ti rọ ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́, ìlà-oòrùn ṣú dúdú, ẹrùpẹ̀ kọ́kọ́ dìde lọ́nà, lẹ́yìn náà ni ìjì dé. Ó ká páànù ilé ìdáná méjì, ó sì gbọn ìtànná àti èso kajú sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé abẹ́ igi kò rí ilẹ̀ mọ́. Òjò tó tẹ̀lé e le gan-an, kò sì pẹ́ tó wákàtí kan tó fi dá. Àwọn obìnrin kò tilẹ̀ dúró kó dá tán kí wọ́n tó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ síbi kajú, torí kóró kajú tí omi bá pa tó sì sùn sílẹ̀ a máa dúdú nínú, oníṣòwò tó bá sì wá rà á yóò fi ọ̀bẹ là á wò kó tó sọ iye. Mo mẹ́nu kan kajú níbí torí bàbá ọmọ yìí sọ ọ́ nípàdé pé ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ nínú oṣù kẹta, inú òun kì í dùn: owó ló ń wẹ̀ lọ yẹn. Ọmọ rẹ̀ kò ní kajú. Ìdí nìyẹn tí inú tirẹ̀ fi dùn.

Mo máa ń gbé agolo kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan sí gbangba lẹ́yìn ilé mi, mo sì ń fi rúlà wọn omi inú rẹ̀. Mílímítà 26 ló wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mílímítà kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, nítorí náà ohun tó bọ́ sórí ìwọ̀n ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lé díẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì ńlá kan. Òjò gidi ni. Ọmọ náà lo ìwé mi láti gbèjà ara rẹ̀, kò sì ṣàṣìṣe níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ó ti wọ oko. Ó ti gba àwọn alágbàṣe sílẹ̀, ilẹ̀ ti wà ní rírò láti oṣù kejì, àgbàdo olóṣù mẹ́ta sì wà nínú àpò. Ó fi fóònù rẹ̀ han ìgbìmọ̀: àwòrán ìkúukùu àti omi wà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, Lọ́kọ́jà ni ibi tí fóònù náà ń sọ, ìsàlẹ̀ létí odò, tó jìnnà sí oko rẹ̀ gan-an. Àsọtẹ́lẹ̀ NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, tó máa ń jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún, tó ń sọ ìgbà tí òjò yóò fìdí múlẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, kò wò ó. Ó ní rédíò bàbá òun kò ní bátìrì.

Ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ gbà wò ó yàtọ̀. Ó sọ fún wa pé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, òun lọ sí ẹ̀gbẹ́ oko ọmọ òun, òun fi àdá gbẹ́ ilẹ̀. Ó ní kí a tẹ̀ lé òun síta kí òun fi hàn wá, a sì tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ọjọ́ ìpàdé kò jọ ilẹ̀ ọjọ́ yẹn mọ́. Ó gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́, ó fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Dúdú yìí ni omi. Lọ́jọ́ tí mò ń wí, dúdú náà kò ju ìka kan lọ. Lábẹ́ rẹ̀, eruku." Ó ní òun bu erùpẹ̀ láti ibi tó jìn tó àtẹ́lẹwọ́, òun fún un mọ́wọ́, kò dì. Kò yani lẹ́nu. Ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù mẹ́rin, tí ojú rẹ̀ ti le, kì í gba òjò tó rọ̀ pẹ̀lú agbára láàárín wákàtí kan. Èyí tó pọ̀ nínú mílímítà 26 mi gba ojú ilẹ̀ lọ sínú odò.

"Ṣé ẹ sọ fún un?" ni alága bi í.

"Mo sọ fún un. Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀yin náà ti gbin iṣu yín láti oṣù kìíní nígbà tí kò sí òjò rárá. Kí ló dé tí èmi ò gbọ́dọ̀ gbin àgbàdo nígbà tí òjò ti rọ̀?' N kò mọ èsì tí mo lè fún un."

Gbogbo ilé dákẹ́. Lójú tèmi, ìbéèrè ọmọ yẹn ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tí a gbọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ dá a lóhùn níbí torí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nígbà yẹn.

Èbù iṣu máa ń gbé omi àti oúnjẹ rẹ̀ dání. Nígbà tí òjò bá ń lọ sópin ni a ti ń kọ ebè, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. A óò ti èbù bọ̀ ọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, a óò fi koríko tàbí ewé dé orí ebè kí oòrùn má bàa sè é mọ́lẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ ní oṣù méjì, mẹ́ta, kó máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Bí òjò bá parọ́ lẹ́ẹ̀kan, iṣu kò gbọ́. Ọkà bàbà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: irú èyí tí àwọn bàbá wa ń gbìn, gígùn ọjọ́ ló ń wò. Ì báà jẹ́ oṣù karùn-ún lo gbìn ín, ì báà jẹ́ oṣù kẹfà, kò ní yọ orí títí ojúmọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, kí orí rẹ̀ lè gbó nígbà tí òjò bá ti ń lọ. Òun náà lè fara da ìbẹ̀rẹ̀ tí kò dúró sójú kan.

Hóró àgbàdo kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Kété tó bá ti mu omi tó wú, kò sí àyè kó padà sẹ́yìn. Bí omi ilẹ̀ bá tán kí gbòǹgbò rẹ̀ tó rìn kọjá ìka kan yẹn, ó kú. Olóṣù mẹ́ta sì tún burú sí i nítorí kò ní àkókò láti fi ṣòfò: ó ń ka ọjọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó hù, kò sí ohun tó kàn án nínú bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ìlànà oko àwọn bàbá wa, iṣu àti ọkà ni wọ́n kọ́ ọ lé lórí, ó sì fàyè gba kí òjò oṣù kẹta parọ́. Àgbàdo àwìn ni kò fàyè gbà á. Èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tó dìde nípàdé pé òjò ti yí padà, pé àwọn bàbá wa kò mọ irú èyí. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọn kò fi gbèsè dúró dè é ni.

Kí ló dé tí òjò oṣù kẹta fi máa ń parọ́? Afẹ́fẹ́ méjì ló ń ṣàkóso wa. Ọ̀kan ń bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti orí òkun, ó tutù, ó ru omi. Èkejì ń bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ. Òun ló ń kó eruku ọyẹ́ láti apá Bodélé ní Chad wá bo ojú ọ̀run wa. Ibi tí wọ́n ti pàdé máa ń rìn. Nínú oṣù kìíní, ó wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò jìnnà sí etíkun. Nígbà tí oṣù kẹjọ bá dé, ó ti wọ inú aṣálẹ̀ lọ. Lóṣù kejì sí oṣù kẹta ló ń kọjá lórí wa, kì í sì í kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè lọ, kó tún padà sẹ́yìn bí afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ bá tún gba agbára.

Ohun tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ibi ìpàdé náà gan-an ni òjò wà. Rárá. Afẹ́fẹ́ òkun, torí pé ó tutù, ń gba abẹ́ afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ wọlé, bí àdá ló sì ṣe rí: ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn. Níbi ẹnu yẹn, ọ̀rinrin kò ga tó kí ìkúukùu tó lágbára lè gbé ara rẹ̀ dúró lójoojúmọ́. Òjò tó bá rọ̀ níbẹ̀, ìjì ló gbé e wá, ìjì tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ tó ń sáré láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tó kàn ń kọjá lọ. Òjò tó ń dúró, ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sẹ́yìn ló wà, níbi tí àdá ti nípọn. Òjò oṣù kẹta yẹn, ẹnu àdá ló bá wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì dé.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní ìlànà kan tí wọ́n máa ń lò láti mọ ọjọ́ tí òjò fìdí múlẹ̀: kí ó tó nǹkan bíi mílímítà 20 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀dá tó ju ọjọ́ méje lọ má sì ṣe wáyé nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo ka ìlànà yìí sétí ìgbìmọ̀. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní ìlànà wo lèyí tó jẹ́ pé oṣù kan lẹ́yìn tí o gbìn tán ni wàá tó mọ̀ pé o kò yẹ kó o gbìn? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìlànà náà wúlò fún ẹni tó ń kọ ìwé ọdún tó kọjá. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀, òjò tí ọmọ yìí rí ti tó o. Apá kejì, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó gbìn.

Àmọ́ àwọn àmì kan wà tí kò ní kéèyàn dúró di oṣù kan, ìyá ọmọ náà ló sì sọ wọ́n. Wọ́n pè é kó wá jẹ́rìí lórí ohun mìíràn, ìyẹn iye àgbàdo tó kù nílé, ó wá ń sọ̀rọ̀ bọ̀ títí tó fi kan iyọ̀. Ó ní lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá fẹ́ dé lóòótọ́, iyọ̀ inú ìkòkò òun máa ń rin, yóò máa lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Ní ọ̀sẹ̀ tí òjò oṣù kẹta yẹn rọ̀, iyọ̀ rin lálẹ́ ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹta ó ti tún gbẹ, ó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ó ní ìrì kò sì sí lórí koríko láàárọ̀, ẹsẹ̀ òun gbẹ dé oko. Ṣé ẹ rí i, kò sí ohun tó ń sọ fún wa ju pé afẹ́fẹ́ òkun wá, ó sì padà lọ. Ìrì ni ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó dì lórí ewé. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ewé kò ní rí nǹkan dì. Àwọn onímọ̀ náà máa ń lo bí afẹ́fẹ́ ṣe rin sí láti mọ ibi tí ìpàdé afẹ́fẹ́ méjèèjì wà. Tiwọn wà lórí ẹ̀rọ, ti màmá wà nínú ìkòkò.

Ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí kò sọ nígbà náà. Ó ní, "O ò bi mí."

Lẹ́yìn ìgbìn, òjò kò rọ̀ mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, àyàfi ọjọ́ kan tó ta wínniwínni tí agolo mi kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan gbà. Díẹ̀ nínú àgbàdo náà yọrí, ó ká ewé rẹ̀ jọ bí ẹni tí òtútù mú, ó pupa lẹ́nu, ó kú. Èyí tó pọ̀ kò yọrí rárá. Mo bá a wú díẹ̀ nínú wọn nígbà yẹn: hóró tó ti wú tó sì ti rà, irun gbòǹgbò funfun kan tín-ín-rín lábẹ́ rẹ̀ tó ti gbẹ bí òwú. Èyí tí kò rà, àparò tú u jẹ. Lójú poro, bí àparò ṣe ń tẹ̀ lé ìlà ìgbìn lọ ni o máa rí, ihò kan, ihò kan, bí ẹni pé ó ka iye tí wọ́n gbìn. Ajílẹ̀ tó sì ti bù sínú ihò pẹ̀lú irúgbìn (ẹnì kan ló sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, n kò mọ ẹni náà) jókòó síbẹ̀ láìsí ohun tó máa jẹ ẹ́, nígbà tí òjò gidi sì dé, ó kó èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀ ní ìdajì oṣù kẹrin, ó tún un gbìn kí oṣù náà tó parí, ṣùgbọ́n irúgbìn tó dára ti tán. Ó ra mùdù mélòó kan lọ́jà, àgbàdo tí wọ́n kó wá fún jíjẹ, ó fi kún un. Ìyẹn hù bó ṣe wù ú. Kò ní ajílẹ̀ mọ́. Àgbàdo náà yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà nígbà tí òjò ń rọ̀ dáadáa, nítorí náà ohun tó wà níbẹ̀ gbó. Ìṣòro rẹ̀ ni pé oko náà fọ́nká, ó dà bíi pé wọ́n fi ọwọ́ kan gbìn ín. Kò rí ìdajì ohun tó ń retí.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ẹjọ́ ì bá rọrùn: ọmọ kánjú, bàbá gbọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ ti fẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n bàbá fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́. Ó ní kí a bi òun léèrè nípa àgbàdo tòun.

Òun náà gba àgbàdo lọ́wọ́ ẹgbẹ́, irú kan náà. Ó dúró. Òjò fìdí múlẹ̀, ó ṣì dúró, torí ó ti rí ohun tó ṣe ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Nígbà tó fi múra tán, gbogbo abúlé ń gbìn lẹ́ẹ̀kan náà, kò rí alágbàṣe. Ìparí oṣù karùn-ún ló tó gbìn. Ẹ bá mi ka ọjọ́: àgbàdo bẹ́ẹ̀ máa ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 55 sí 60. Ìyẹn já sí ìparí oṣù keje, ẹnu ìsimi òjò oṣù kẹjọ gan-an.

Ìsimi yìí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú ọ̀run ṣú, ara tutù, aṣọ kì í gbẹ lórí okùn, ó lè máa ta wínniwínni. Òjò tó máa wọ ilẹ̀ ni kò sí. Nígbà yẹn, afẹ́fẹ́ òkun nípọn lórí wa, ṣùgbọ́n omi òkun létíkun Guinea ti tutù, láti ìsàlẹ̀ ni omi tútù ti ń ru sókè láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ tó bá sì gba orí omi tútù kọjá kì í fẹ́ ru sókè di òjò ńlá. Ìsimi náà le ní Èkó ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Yàgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òpin ibi tó ń dé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọdún kan a rí i, ọdún kejì a kò rí i, tí kò fi sẹ́ni tó ń fi í ṣe ìṣirò. Lọ́dún yìí a rí i. Agolo mi gbẹ láti ìparí oṣù keje títí tí oṣù kẹjọ fi dé ìdajì.

Àgbàdo lè fara da ọ̀dá nígbà tó bá kéré, ó sì lè fara da á nígbà tó bá ti ń gbó. Ìgbà tí ìrùkẹ̀rẹ̀ bá ń tú, tí irun ọmọ rẹ̀ sì ń jáde, ni kò lè fara da nǹkan kan, torí irun náà kò ní jáde lásìkò láti gba ìyẹ̀fun tó ń bọ́ láti òkè. Irun kọ̀ọ̀kan ni hóró kọ̀ọ̀kan. Bàbá mú ọmọ àgbàdo mẹ́ta wá sí ìpàdé nínú àpò agbádá rẹ̀. Ó bó wọn lójú wa. Eyín yọ ní ìdí, ó pàlàfo ní àárín, orí rẹ̀ kò ní nǹkan kan. "Èmi tí mo dúró rèé," ló wí. Ó san gbèsè tirẹ̀ pé, iṣu rẹ̀ ló tà láti fi san án.

Nínú ilé yẹn, ìyá nìkan ló jèrè àgbàdo. Ó gbin díẹ̀ ní ìdajì oṣù kẹrin pẹ̀lú ẹ̀gúsí rẹ̀, ó gbin ìyókù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ta èyí àkọ́kọ́ ní tútù létí títì nínú oṣù keje, nígbà tí kò tíì pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí alága ń yìn ín pé ó pín in sí méjì, ó ní kò sí ọgbọ́n níbẹ̀: ẹni tó bá òun gbìn ló lọ ṣòkú, ni òun bá fi ìyókù sílẹ̀ títí tó fi dé. Inú mi dùn pé ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, àá ti fi orúkọ rẹ̀ ṣe òwe.

Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tí a kò lo omi ìdídò Kampe tó wà lápá Ẹ̀jìbà. Ẹni tí oko rẹ̀ bá wà létí ọ̀nà omi yẹn lè béèrè. Oko tí à ń sọ wà lórí òkè, kò sí ọ̀nà tí omi náà máa gbà gun un.

Ìdájọ́ ìgbìmọ̀ nìyí. Wọ́n ní ọmọ náà kò jẹ̀bi nípa òjò, nítorí òjò tó rọ̀ tó ohun tó lè tan ẹnikẹ́ni jẹ, ọ̀dá tó tẹ̀ lé e kò sì hàn sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ó jẹ̀bi nípa ilẹ̀, torí ilẹ̀ wà níwájú rẹ̀, bàbá rẹ̀ fi hàn án, kò wò ó. Ó sì jẹ̀bi ní ti pé ó gbin gbogbo irúgbìn lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà yóò san ìdajì nísinsìnyí, yóò san ìdajì tó kù lẹ́yìn kajú, nínú oṣù kẹrin. Ó ní òun kò ní kajú. Bàbá rẹ̀ ní kó wá bá òun ṣa tòun, kó sì kọ́kọ́ wá bá òun ro etí oko náà yíká kí iná igbó tó bẹ̀rẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ìyẹn nìkan ni ibi tí bàbá ti gbè é lẹ́yìn.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹgbẹ́ kò ní kó irúgbìn àgbàdo jáde kí omi tó wọ ilẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ìrì sì ti máa sẹ̀ láàárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí a bá kó o jáde, ìdajì ni. Ẹni tó bá fẹ́ ìyókù yóò padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìdajì oṣù karùn-ún, a kò ní kó àgbàdo fún ẹnikẹ́ni mọ́, àyàfi ẹni tó bá fẹ́ gbin ti ìgbẹ̀yìn òjò. Ajílẹ̀ kò ní bá irúgbìn lọ. Ó di ìgbà tí àgbàdo bá hù tó dúró. Agolo mẹ́rin la ó gbé kalẹ̀ ní abúlé mẹ́rin, àwọn ọmọ iléèwé ni yóò máa kà á, torí pé àgbà máa ń gbàgbé, tàbí kó da omi rẹ̀ nù fún adìyẹ.

Kò rọ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Àwọn ará Ìjùmú ní òfin yìí yóò dá àwọn dúró, nítorí òjò ń ti gúúsù bọ̀, ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó dé Ẹ̀gbẹ̀. A gbà pé kí agolo àti ilẹ̀ tiwọn máa dá ẹjọ́ fún wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wá láti Ọ̀wọ́rọ̀ ló le jù. Ó ní gbogbo ohun tí à ń sọ láti àárọ̀ kò kan àwọn: nígbà tí ẹ̀yin ará òkè ń sunkún pé omi kò tó, àwa ń dúró de oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé máa wá bá wa nílé. Ó dárúkọ 2012, ó dárúkọ 2022 tí omi gba títì Àbújá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kótòn-Kàrfí tí mọ́tò kò lè kọjá. Ó béèrè pé ẹni tí òjò àríwá àti ti Kàmẹrúùnù rì oko rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣé agolo ẹ̀yìn ilé ló máa fi wọ̀n ọ́n?

Alága ní kó kọ ìlànà tiwọn wá, kí a lè fi kún òfin kí a tó kó irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Títí tí mo fi ń kọ èyí, ìwé náà kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́.